Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ka Ilà Ojú Àrùn!

Láti Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ títí dé Ẹ̀kìmọ̀gùn ní Oǹdó, tìlù-tìfọn la fi ń kí yín, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ACEGID, ibùdó tí wọ́n ti ń ka àbùdá kòkòrò àrùn ní Yunifásítì Redeemer's, ní ìlú Ẹdẹ Màpó Arógun, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé kọ́kọ́ gbówó lé yín lọ́wọ́. Ọdún mẹ́wàá pé, ó kọjá, ẹ ò tíì sinmi! Ẹ tilẹ̀ ti gba orúkọ tuntun, Institute of Genomics and Global Health, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa pe èyí tí a fi mọ̀ yín lọ́jọ́ ìpọ́njú. ACEGID ló mọ́ wa lẹ́nu. ACEGID la ó máa kí lónìí.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló kan ará Àkúrẹ́ nínú oríire Ẹdẹ? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n! Ẹni tí eku ti wọ inú àká rẹ̀ rí ló mọ iyì ológbò. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí wà lára ibi tí ibà Lassa, èyí tí eku ń kó ràn wá, ti ń jà jù ní gbogbo Nàìjíríà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àyà ará Ọ̀wọ̀ á máa já, ará Ìfọ́n ò ní sùn fọnfọn, àwa tí a wà ní Àkúrẹ́ náà á máa fetí kọ́ rédíò. A mọ nọ́ọ̀sì tó ń fi ọ̀rá bora láti orí dé ẹsẹ̀ nínú ooru. A mọ ìyá tí gàrí rẹ̀ kùtà nítorí ìròyìn kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn kan bá wá jókòó, tí wọ́n ń ka ọ̀tá tó ń bá wa jà ní lẹ́tà-lẹ́tà, tí wọn ò sì kà á ní ìlú òyìnbó bí kò ṣe ní òkè ọ̀nà níbí, níbi tí ẹni tó bá jẹ àkàrà àárọ̀ ní Àkúrẹ́ lè gba Ìlẹ̀ṣà gba Òṣogbo dé kí oòrùn tó kan àtàrí, ṣé a ó wá dákẹ́? Rárá o! Ariwo ayọ̀ la ó pa!

Kí ni wọ́n ń kà gan-an? Ẹ jẹ́ kí n fi ilé wa ṣàlàyé rẹ̀. Bàbá mi àgbà kọ ilà Oǹdó: ọ̀kan gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Níbikíbi tí bàbá bá dé, àgbà tó bá mọ ilà á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ní, “Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gùn, ẹ káàbọ̀!” Kò ní bi í léèrè ibi tó ti wá. Ojú ti sọ ọ́. Fáírọ́ọ̀sì náà nílà. Inú àbùdá rẹ̀ nilà ọ̀hún wà, ojú lásán ò sì lè rí i.

Àwọn ará Ẹdẹ á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n fi òwú gbà nínú imú. Wọ́n á yọ àbùdá fáírọ́ọ̀sì jáde, wọ́n á dà á kọ sí irú èyí tí ẹ̀rọ lè kà, wọ́n á gbé e fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í to lẹ́tà. Mẹ́rin péré ni lẹ́tà náà, òun náà ni a fi kọ ewúrẹ́, tí a fi kọ ìrókò, tí a fi kọ èmi àti ìwọ! Ti fáírọ́ọ̀sì Lassa tó nǹkan bí 10,700 lẹ́tà. Ti Kòró, fáírọ́ọ̀sì COVID-19, tó nǹkan bí 30,000. Fáírọ́ọ̀sì ò sì lè bímọ láìda ara rẹ̀ kọ, bẹ́ẹ̀ òǹdàkọ tí kò fara balẹ̀ ni. Á fo lẹ́tà kan níhìn-ín, á ṣi òmíràn kọ lọ́hùn-ún. Bí àṣìkọ méjì lóṣù kan ni ti Kòró. Àṣìkọ yìí ló ń di ilà tuntun, tí ọmọ á jogún, tí ọmọ-ọmọ á jogún. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á wá tò ó pọ̀ bí ẹni ń to ìdílé, á ní: èyí ti Èkó wọlé, èyí ti òkè òkun bọ̀, èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kúrò lára eku ni. Tí ilà kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí bá yọjú, ó lè jẹ́ ẹ̀yà tuntun ló ń bọ̀ yẹn, kí ayé tètè dìde!

Ẹ wo ibi tí a ti ń bọ̀ ná! Ọdún 1969 ni ìlú kékeré kan ní Borno, Lassa, fi orúkọ rẹ̀ ta àrùn lọ́rẹ láìfẹ́. Nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere níbẹ̀, Laura Wine, ló dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kú tẹ̀ lé e. Penny Pinneo ni ẹnì kẹta, òun ni wọ́n fi bàlúù gbé lọ sí New York, orí sì kó o yọ. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ní láti la òkun kọjá dé Yunifásítì Yale. Jordi Casals tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò níbẹ̀ kó àrùn náà, omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo tó ti ṣẹ́gun ni wọ́n fi gbà á là. Juan Roman, òṣìṣẹ́ kan ní ibùdó ìwádìí yẹn, kò rù ú là. Àrùn tó jẹyọ nílẹ̀ wa, a ní láti rán an lọ sókè òkun kí wọ́n tó bá wa sọ orúkọ rẹ̀!

Lónìí ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká jó díẹ̀ ná!

Ibùdó Ẹdẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́ ẹní ni, ìkòkò ò tíì hó lórí iná, tí ìdánwò fi kan ilẹ̀kùn. Ogúnjọ́ oṣù Agẹmọ 2014 ni Patrick Sawyer balẹ̀ sí Èkó láti Liberia. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh dúró bí igi ìrókò, kò jẹ́ kó jáde ní ọsibítù, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ikú. Yàrá àyẹ̀wò Ọ̀jọ̀gbọ́n Sunday Omilabu ní LUTH, ọsibítù ìkọ́ni ní Èkó, àti ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ní Redeemer's fẹnu kò: Ebola ni! Kíá, ìjọba dìde, wọ́n ń wá gbogbo ẹni tó fara kan ẹni tó fara kàn án. Pẹ̀lú Sawyer, ènìyàn 20 ló ní in ní Nàìjíríà, mẹ́jọ ló kú. Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù Ọ̀wàrà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ilẹ̀ wa ti mọ́. Oṣù mẹ́ta géérégé! Ìlú tí èrò pọ̀ bí eéṣú bí Èkó! Ẹni tí kò bá kí Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ yìí, owú ló ń jẹ ẹ́.

Ọdún yẹn kan náà ni Happi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Pardis Sabeti ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Dókítà Sheik Humarr Khan ti Kenema àti àwọn mìíràn, ka ìwé àbùdá Ebola 99 láti ara aláìsàn 78 ní Sierra Leone. Khan ò rí ìwé náà nígbà tó jáde. Ebola ti mú un lọ ní oṣù Agẹmọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí mo ń bọ̀ wá bá a: ilà gbogbo Ebola wọ̀nyẹn jọra bí ọmọ ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bọ́ láti ara ẹranko sí ara ènìyàn, ènìyàn ló wá ń gbé e ran ènìyàn láti ìgbà náà.

Ó wá kan tiwa. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ibà Lassa ru sókè bí a ò ti rí i rí. Kí ọdún tó parí, 633 ni àyẹ̀wò fìdí tiwọn múlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ wa, Ẹdó àti Ebonyi ló sì ru ẹrù jù. Ẹ ò lè gbàgbé ìgbà yẹn! Ìyá mi ní Oǹdó ń pè mí sí Àkúrẹ́ ní àárọ̀, ó ń pè mí ní alẹ́: “Ṣé o ò bá ènìyàn bọwọ́ lónìí? Ṣé o ò wọ ọkọ̀ tí èrò kún?” Ohun tó gbọ́ lọ́jà ni pé Lassa ti yí padà, pé ẹ̀yà tuntun ti dé, pé kò nílò eku mọ́, ọwọ́ ènìyàn ló ń gbà. Ẹ má fi ìyá mi rẹ́rìn-ín o. Ìbéèrè tí àwọn dókítà ńlá náà ń bi ara wọn nìyẹn! Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ọ̀nà tí a ó gbà jà gbọ́dọ̀ yí padà pátápátá: a ó ti ṣọ́ọ̀ṣì, a ó ti mọ́sálásí, a ó ti ọjà.

Ibo ni ìdáhùn ti wá? Inú àbùdá! Irrua ní Ẹdó ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Ẹdẹ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà kà á. Àwọn ará Hamburg ní Jámánì náà gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ wá sí Irrua gan-an, wọ́n ń kà á bí àrùn ṣe ń jà lọ́wọ́. Kí ni ilà wí? Ilà wọn ò jọra! Ìdílé yìí lọ́tọ̀, ìdílé tọ̀hún lọ́tọ̀, gbogbo wọn sì jọ èyí tí a ti mọ̀ láti ọdún tó ti kọjá. Kì í ṣe bíi ti Ebola tó bẹ̀rẹ̀ lára ẹnì kan. Eku ilé yìí ran ará ilé yìí, eku oko tọ̀hún ran ará oko tọ̀hún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Kò sí ẹ̀yà abàmì kankan. Eku ọlọ́yàn púpọ̀ tí a ti ń bá jà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà nídìí ọ̀rọ̀!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn! Ó túmọ̀ sí pé ọjà Ọba lè ṣí. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí àwọn wọ́lé-wọ́lé ti ń wí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ náà ló tọ́: ẹ bo oúnjẹ, ẹ má sá gàrí àti púpurú sẹ́bàá títì, ẹ kó ààtàn jìnnà sílé, ẹ dí ihò eku. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló ní láti máa fi ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú tọ́jú aláìsàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀. Ìyá mi ra ike onídèérí mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó tún lọ gba ológbò wá lọ́dọ̀ ìyá kan ládùúgbò. Ológbò yẹn ti bí, ọmọ rẹ̀ ti bí, gbogbo adúgbò ló ń jogún wọn. Bí ẹ bá ń wá ilà ojú ológbò ní Oǹdó, ẹ wá sílé wa!

Ẹ̀yin tí ẹ kà á nígbà náà, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé orí yín la fi sùn? Ẹ kú iṣẹ́!

Ọdún méjì péré ló tẹ̀ lé e, ayé dàrú. Ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé 2020 ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòró ní Nàìjíríà múlẹ̀, ará Ítálì kan tó gba Èkó wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Gbogbo Áfíríkà ń wo ẹnu ara wọn. Oṣù Ẹrẹ́nà ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tí ariwo fi ta: wọ́n ti ka ìwé àbùdá Kòró àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà! Níbo? Ní Ẹdẹ! Kì í ṣe Cairo, kì í ṣe Johannesburg, Ẹdẹ tiwa ni! Àjọ NCDC tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ibùdó ìwádìí NIMR ní Yábàá àti LUTH fọwọ́ kún un, ìgbálẹ̀ pé nínú ìdì. Ilà fáírọ́ọ̀sì náà sì bá ti Yúróòpù mu, ó bá ìrìn-àjò ọkùnrin náà mu rẹ́gí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti rí i pé tí ọmọ Ọ̀ṣun bá ń gbéraga díẹ̀, ká fi í sílẹ̀. Ó tọ́ sí i!

Kòró dé ọ̀dọ̀ wa náà. Ọjọ́ kẹta oṣù Igbe 2020 ni Gómìnà Rótìmí Akérédolú kéde ẹni àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jagunjagun kan tó ti Íńdíà bọ̀. Ọsibítù àrùn tó ń ràn lójú ọ̀nà Ìgbátòrò ní Àkúrẹ́ di ojú ogun. Kọmíṣánnà ètò ìlera wa, Dókítà Wahab Adégbẹ́nró, wà níwájú títí ó fi ṣubú lójú ogun náà ní ọjọ́ kejì oṣù Agẹmọ ọdún yẹn. Bí a bá ń ka àwọn tí oríire yìí jẹ́ tiwọn, ẹ jẹ́ ká ka orúkọ rẹ̀ mọ́ wọn, ká sì na ọwọ́ sókè.

Ẹdẹ ò dúró lórí ìwé kan. Wọ́n ń kà á lọ! Nínú àyẹ̀wò méjì tí wọ́n gbà ní Ọ̀ṣun, ọ̀kan nínú oṣù Ògún, ọ̀kan nínú oṣù Ọ̀wàrà 2020, wọ́n rí ilà kan tí ó ṣàjèjì. Nígbà tó di Kérésìmesì, gbogbo ayé ti gbọ́ nípa rẹ̀ láti ẹnu ọ̀gá Africa CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn nílẹ̀ Áfíríkà. Àsìkò yẹn náà ni ẹ̀yà B.1.525 yọjú ní Nàìjíríà àti ní Britain, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé wá sọ lórúkọ Eta. Oṣù Èbìbí 2021 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà àwọn ará Gíríìsì sọ ẹ̀yà lórúkọ, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi àrùn pe ìlú onílùú. Ọgbọ́n ńlá! Ká ní irú ọgbọ́n yẹn ti wà ní 1969 ni, ìlú Lassa ì bá máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní àlàáfíà.

Ẹ wá gbọ́ òǹkà o, nítorí ayọ̀ tí kò ní òǹkà, òfófó ni! Ìwé kan ṣoṣo ló jáde láti Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà 2020. Nígbà tó di oṣù Owewe ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Africa CDC ti so yàrá àyẹ̀wò 12 pọ̀ láti máa ka àbùdá Kòró fún gbogbo ilẹ̀ náà, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa gbé àwọn yòókù lẹ́yìn. Ní 2021, àwọn onímọ̀ Áfíríkà para pọ̀ kọ ìròyìn kan tí ìwé 8,746 wà nínú rẹ̀, láti orílẹ̀-èdè 33. Ní 2022, òǹkà ti ré kọjá 100,000! Láàárín ọdún méjì ààbọ̀! Nígbà tí Omicron sì yọ ojú ní Botswana àti Gúúsù Áfíríkà ní oṣù Bélú 2021, ọmọ Áfíríkà ló kọ́kọ́ rí i, tó kọ́kọ́ ké, tí gbogbo ayé fi gbọ́. Orílẹ̀-èdè wa náà sọ ọ́ jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀pẹ̀ pé ó ti wọlé pẹ̀lú àwọn arìnrìn-àjò. Kò sí pé a ń rìn nínú òkùnkùn mọ́.

Ẹ má rò pé Kòró ló parí ẹ̀. Ọdún 2025 ni wọ́n tún tú àṣírí mpox, àrùn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ti ọ̀bọ. Ìwé àbùdá 118 láti Nàìjíríà àti Cameroon ni wọ́n tò jọ, wọ́n ka àṣìkọ inú rẹ̀ sẹ́yìn-sẹ́yìn bí ẹni ń ka orílẹ̀ ìdílé, ó gbé wọn dé oṣù Ògún 2014 ní gúúsù Nàìjíríà. Ọdún 2017 lẹ rò pé ó dé, àbí? Ó ti rìn dé ìpínlẹ̀ 11 kí a tó rí i rárá! Nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti rí èyí tó ń bọ́ láti ara ẹranko àti èyí tó ti jókòó sáàárín ènìyàn. Ẹni tó bá lè wo lẹ́tà kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, babaláwo mìíràn ni!

Ta ni àwọn tó ń ṣe é? Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ọmọ Cameroon tó kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn, tó lọ sí Harvard, tó sì padà wá gbé iná kalẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ káàbọ̀ sílé o, bàbá! Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníkẹ̀pẹ́ Fọlárìn, igbá kejì rẹ̀, obìnrin tó gbé ọwọ́ sí iṣẹ́ tí iṣẹ́ ń dára. Ìyá wa, ẹ kú orí iṣẹ́! A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé àgbà tó tẹ́ ẹní sílẹ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tòmórì, ọmọ Ìlẹ̀ṣà, ògbóǹtarìgì onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Redeemer's. Bí a bá fi onílù ṣe olórí ilé, ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ilé kún fún ìlù?

Ọ̀rọ̀ ìlù yìí tilẹ̀ rán mi létí. Ẹdẹ kan náà ni Ọba Adétóyèṣe Láoyè ti jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975, ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, tó mọ ohun tí awọ ń wí kí ẹlòmíràn tó gbọ́. Ohùn mẹ́ta ni dùndún fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá. Lẹ́tà mẹ́rin ni àbùdá fi ń sọ tirẹ̀. Ìlú tó bá ti mọ̀ ọ́n ka èyí àkọ́kọ́, èyí kejì ò lè ṣòro fún un!

Ẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru. Ẹ kí àwọn ọmọ Áfíríkà tó wá kọ́ṣẹ́ ní Ẹdẹ, tí wọ́n gbé ìmọ̀ padà lọ sí ìlú wọn. Ẹ kí awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ nínú yìnyín gba ojú ọ̀nà tó kún fún kòtò, tí kò sì jẹ́ kí yìnyín yọ́. Ẹ kí ẹni tó ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Kò sí orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn òkèèrè, ó wà lẹ́nu wa!

Ṣé àwa náà ò ní ohun tí a ó fi yangàn nílé ni? A ní o! Òfin tó dá UNIMED sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó, ọdún 2014 ni òun náà, nígbà Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe jẹ́ ẹgbẹ́ pẹ̀lú ACEGID, bí Táíwò àti Kẹ́hìndé! UNIMED ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé ìmọ̀ ìṣègùn nìkan ló dojú kọ. Ọsibítù ìkọ́ni rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan ní Àkúrẹ́, ó ní ẹsẹ̀ kan ní Oǹdó, ọmọ wa ò sì ní láti kúrò nílé kó tó kọ́ ohun tó ń pa ará ilé. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ti ń tọ́ ọmọ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tipẹ́. Lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ni ọba wọn wà: ọsibítù ìjọba àpapọ̀, FMC Ọ̀wọ̀! Láàárín oṣù Igbe 2018 àti oṣù Ẹrẹ́nà 2020, aláìsàn Lassa 510 ni wọ́n tọ́jú níbẹ̀ nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ ALIMA àti àwọn onímọ̀ ará Faransé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé! Ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibà tó dẹ́rù ba Amẹ́ríkà ní 1969! Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀, ẹ gba fìlà yín, ẹ gba gèlè yín, a ti ṣí tiwa fún yín!

Bí a bá to gbogbo wọn pọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Dókítà Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú ara, Ẹdẹ ń ka ilà àrùn, UNIMED ń tọ́ ọmọ tí yóò gbà á lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Láàárín wọn ni Àkúrẹ́ jókòó sí, bí ìyá ìyàwó tó ń pín jọ́lọ́ọ̀fù, kò sí àwo tó kọjá tí kò bù sí!

Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, ọdún mìíràn á tún bá yín láyọ̀. Ẹ̀rọ yín ò ní kọṣẹ́. Ojú yín ò ní ṣú nídìí lẹ́tà. Ẹ̀yà tuntun tó bá fẹ́ yọ́ wọ̀lú lóru, ẹ ó rí ilà rẹ̀ kó tó dé ẹnu bodè. Ọmọ tí ẹ kọ́ á ju yín lọ, ẹ ó sì dúró wò ó. Nígbà tí ẹ bá tún ń kọjá lọ sí Ọ̀wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà ní Àkúrẹ́. Ẹ má bèèrè ilé. Ẹ ṣáà dúró lójú ọ̀nà Ọba Adéṣidà, kí ẹ wí pé ẹ̀yin lẹ ń ka ilà ojú àrùn. Iyán ti wà nínú odó, ẹran ìgbẹ́ tí a ti sè dáadáa wà nínú ọbẹ̀, eku nìkan ni ẹ ò ní bá níbẹ̀!